Ẹ Má Jẹ́ Kí Oúnjẹ Sùn sí Àgọ́ Yín: Ìrírí Mi Nínú Igbó àti Lórí Òkè

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá wa kúrò ní Òṣogbo lọ sùn sí orí òkè ní agbègbè Ìràgbìjí, tàbí sí ìtòsí ibi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, oúnjẹ tó dì sínú àpò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò, kí n tó wo bàtà rẹ̀, kí n tó béèrè bóyá tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ejò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Ó tọ́ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ejò ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ejò kì í wá èèyàn kiri. Gaàrí tó dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ló ń pe eku, eku ló ń pe ejò, ẹni tó bá sì sùn sáàárín àwọn méjèèjì ló máa fara gbá. Egungun ẹja tí a jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ló ń pe ìjàlọ àti ẹtà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú báàgì tí síìpù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló ń pe ọ̀bọ. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nídìí kíkó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí igbó, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dá lé: ibi tí èèyàn bá sùn sí, oúnjẹ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni ibùdó wa máa ń pín sí: ibi tí a ó sùn, ibi tí a ó ti dáná tí a ó sì ti jẹun, àti ibi tí oúnjẹ yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láti ọ̀kan dé èkejì, mo máa ń fẹ́ kí ó tó 100 ìgbésẹ̀ àgbàlagbà. Ó máa ń ni àwọn ọ̀dọ́ lára, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ebi sì ń pa wọ́n, nítorí náà ojúmọmọ la ti ń ṣe é. Bí a bá dé ibùdó lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a kì í dáná rárá. A ó jẹ ohun tí kò nílò iná, a ó kó ìyókù pamọ́, a ó sì sùn.

Atẹ́gùn ló máa sọ apá ibi tí ìdáná yóò wà. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti sábà máa ń fẹ́ wá bá wa. Apá àríwá ìlà-oòrùn àgọ́ la máa ń dáná sí nígbà náà, kí òórùn ọbẹ̀ lè bá atẹ́gùn lọ, kí ó má padà wá lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a ó fi sùn. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá, a ó sì gbé ìdáná lọ sí òdìkejì. Ẹni tó bá dáná kò ní wọ aṣọ ìdáná wọ àgọ́. Yóò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, yóò pààrọ̀ aṣọ, aṣọ ìdáná yóò sì bá oúnjẹ lọ sí ibi ìkó-oúnjẹ-sí.

Ike oníderí tó ń dé pinpin ni mo fọkàn tán fún oúnjẹ, irú èyí tó gba lítà 20 tí ẹ lè rí rà ní Ọjà Ìgbọ̀nà. Ẹ má lo ike tí wọ́n ti ta ọ̀dà nínú rẹ̀. Ẹ bu gaàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ so ó kí ó tó wọ inú ike. Ọ̀rá méjì ni ẹja gbígbẹ gbọ́dọ̀ wọ̀, ọ̀kan nínú èkejì. Ní ti irú, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Òórùn rẹ̀ ń jáde nínú ohunkóhun tí a bá dì í sí. Àwọn nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí oúnjẹ, tí ẹranko sì ń kà sí oúnjẹ: ọṣẹ ìfọyín, ọṣẹ ìwẹ̀, ìpara, lọ́fínńdà, oògùn ikọ́ tó dùn. Inú ike ni gbogbo wọn ń lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí olúkúlùkù gbọn àpò ṣòkòtò rẹ̀ dànù síbi ìdáná, nítorí ẹ̀pà mẹ́ta péré nínú àpò aṣọ tó fún eku láti gé àgọ́ wọlé.

Bí a ṣe ń gbé ike náà kọ́ nìyí. Ẹ wá okùn tó gùn tó mítà 15, ẹ wá ẹ̀ka igi tútù kan tó ga ju mítà 5 lọ, tí kò sì ní ihò tàbí ibi jíjẹrà. Ẹ fi òkúta sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ẹ so ó mọ́ ẹnu okùn, ẹ jù ú kọjá lórí ẹ̀ka náà ní ibi tó fi mítà kan àbọ̀ jìnnà sí ara igi. Ẹ fa ike sókè títí yóò fi ga tó mítà 4 sílẹ̀, kí ẹ so ìdí okùn mọ́ igi mìíràn. Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀, nítorí eku àti èèrà máa ń gba orí okùn sọ̀kalẹ̀. Fún eku, ẹ lu ihò sáàárín ìdérí ìkòkò aluminiọ̀mù àtijọ́ tó fẹ̀ dáadáa, ẹ ki okùn bọ inú rẹ̀, ẹ ta kókó sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè dúró lókè ike ní nǹkan bí ìdajì mítà. Eku tó bá sọ̀kalẹ̀ yóò bá ìdérí tó ń fì, kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Fún èèrà, ẹ wé àkísà tí ẹ ti rẹ sínú kẹrosíìnì mọ́ okùn lókè ìdérí náà. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ nínú ètò yìí ni pé àwọn èèyàn máa ń gbé ike kọ́ sí ìdí ẹ̀ka tó sún mọ́ ara igi, torí pé ó rọrùn. Ẹtà mọ igi gùn, kò sì ní ṣe é ní wàhálà.

Àwọn ọmọ wa tó ti lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà máa ń béèrè bóyá irú ètò yìí wúlò níbi tí béárì wà. Ibẹ̀ gan-an ló ti wúlò jù. Béárì kò sí ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ àti ti eku wa kò yàtọ̀ ní ti oúnjẹ: imú ló fi ń rìn. Ohun tí àwọn aṣọ́gbó ibẹ̀ ń kọ́ni ni pé kí ibi ìdáná, ibi oúnjẹ àti àgọ́ jìnnà síra tó nǹkan bí 100 mítà, kí oúnjẹ wà nínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí, tàbí kí ó wà lókè igi. Ní Yosemite, ọgbà igbó ìjọba kan ní Amẹ́ríkà, òfin ni kí ẹni tó fẹ́ sùn nínú igbó gbé irú agolo bẹ́ẹ̀ dání. Kì í ṣe nítorí èèyàn nìkan. Béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ èèyàn wò yóò máa padà wá, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì lè jẹ́ pé àwọn aṣọ́gbó ní láti pa á.

Oríṣi béárì méjì, grizzly àti béárì dúdú, ni ẹni tó bá ń lọ sí ibi bíi Banff ní Kánádà gbọ́dọ̀ dá mọ̀, nítorí méjèèjì ló wà níbẹ̀. Àwọ̀ lè tan yín, torí béárì dúdú kan wà tí ara rẹ̀ jẹ́ búráùn. Ẹ wo èjìká: grizzly ní iké níbẹ̀, béárì dúdú kò ní. Ẹ wo èékánná iwájú: ti grizzly gùn gan-an. Ẹ máa rìn ní ẹni mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà àti lẹ́bàá odò tó ń pariwo, kí ẹ má sì ki nǹkan orin bọ etí. Béárì tí a já lù lójijì ló léwu jù, pàápàá ìyá tó ní ọmọ.

Wọ́n ń ta ìfọ́n ata kan níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún béárì, ata sì ni agbára rẹ̀ lóòótọ́. Ìbàdí tàbí àyà ni kí ó wà, kí ó má sí nínú báàgì ẹ̀yìn, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ máa ní. Ẹ yọ ohun tó dè é lẹ́nu, ẹ kọjú rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fọ́n ọn nígbà tí béárì tó ń sáré bọ̀ bá ku nǹkan bí mítà 9, kí ó lè wọ inú kùrukùru ata náà fúnra rẹ̀. Ẹ má fọ́n ọn sára tàbí sára àgọ́ bí ẹni fọ́n oògùn ẹ̀fọn. Òórùn ata tó ti gbẹ lè máa pe béárì. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà ibẹ̀ lẹ ti máa rà á, kí ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán.

Bí ẹ bá rí béárì, ẹ má sáré. Ó lè sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan. Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn lọ. Bí grizzly tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá gbá yín mú, ẹ dojú bolẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ má mira. Bí ó bá jẹ́ béárì dúdú ló kọlù yín, tàbí tí béárì èyíkéyìí bá wọ inú àgọ́ wá bá yín lóru, ẹ bá a jà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́, ojú àti imú rẹ̀ ni kí ẹ dojú kọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ibi tí a bá pa àgọ́ sí ló ń pinnu bí òru yóò ṣe rí. Mo máa ń yẹra fún ìdí ọ̀pẹ, nítorí ẹyìn rẹ̀ ń pe eku, márìwò gbígbẹ rẹ̀ sì ń gba ejò sùn. Mo ń yẹra fún ògán, torí ihò inú ògán àtijọ́ jẹ́ ilé fún ejò. Òkìtì òkúta àti ojú àpáta tó ti la náà kò dára. A kì í pa àgọ́ sí ojú ipadò tó gbẹ, bó ti wù kí iyanrìn rẹ̀ mọ́ tó: òjò tó rọ̀ lórí òkè tí a kò rí lè kún ibẹ̀ kí a tó jí. Ẹ wo òkè orí yín pẹ̀lú, bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, apá ìlà-oòrùn ni ìjì rẹ̀ ti sábà máa ń wá, nítorí náà ẹnu ọ̀nà àgọ́ wa máa ń kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní àkókò yẹn. Bí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí sán nígbà tí a wà lórí àpáta gbalasa, a máa ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a kì í dúró wo bí yóò ṣe rí.

Ẹ fi àdá ro àyíká àgọ́ ní mítà 3 yíká, ní ọ̀sán. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò. Ilẹ̀ tó mọ́ máa ń jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn yín kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Àgọ́ tí wọ́n rán ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí síìpù rẹ̀ sì wà ní títì tọ̀sán-tòru. Bí kò bá sí àgọ́, ẹní àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí dára púpọ̀, bí ẹ bá ti etí nẹ́ẹ̀tì náà bọ abẹ́ ẹní yíká. Kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ló ń dá dúró. Ejò tó ń wá ibi gbígbóná lóru kì í rí ọ̀nà wọlé. Bàtà ń wọ inú àgọ́ pẹ̀lú olówó rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ yí i dojú dé, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àkeekèé.

Ìjàlọ yẹ kí ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí àwọn tó dàgbà sí ìlú kì í kà á sí ewu. Ìgbà òjò ni ó pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí aáyán, tata àti aláǹgbá tí wọ́n ń sá jáde láti apá kan igbó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ apá ibẹ̀. Ẹ má tẹ ojú ọ̀nà wọn, ẹ má sì máa fi ẹsẹ̀ nù wọ́n, nítorí ìgbà tí ilẹ̀ bá mì ni wọ́n ń tú ká tí wọ́n sì ń gun ẹsẹ̀. Ẹ gbé àgọ́ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi eérú yí ibi tuntun náà ká. Wọ́n máa kọjá lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gun ẹnìkan, kí ó bọ́ gbogbo aṣọ, kí a máa já wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan. Fífi ọwọ́ gbọ̀n wọ́n kò ràn, torí ẹnu wọn kì í tú. Ẹ̀dá tí kò lè dìde ni ìjàlọ léwu fún jù: ọmọ ọwọ́, aláìsàn, ẹni tó mutí yó, ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Nítorí náà a kì í gba ọtí láàyè ní ibùdó wa.

Ní ti ejò, paramọ́lẹ̀ ni ó gba ìṣọ́ra jù lójú mi, nítorí kì í sá. Ejò mìíràn bá gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ti lọ. Paramọ́lẹ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́ lórí ewé gbígbẹ tí ara rẹ̀ jọ, títí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò tó balẹ̀ fi ṣe pàtàkì, tí a sì ń mú ọ̀pá dání láti máa fi kan ilẹ̀ níwájú. Bí igi wó dábùú ọ̀nà, ẹ gun orí rẹ̀ ná, ẹ wo òdìkejì kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín kò rí, ìbáà jẹ́ ìgbà tí ẹ ń ṣa igi ìdáná. Àwọn ṣèbé kan wà tó ń tutọ́ oró sójú èèyàn láti ibi tó jìnnà ju mítà méjì lọ. Bí ó bá kan ojú, ẹ da omi mímọ́ púpọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má fi ọwọ́ ra á, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Bí ejò bá ṣán èèyàn, ẹ gbé e jìnnà sí ejò náà. Ẹ má lé ejò láti pa á. Orí ejò tí a ti gé pàápàá ṣì lè bù èèyàn ṣán. Ẹ bọ́ òrùka, aago, ẹ̀gbà àti bàtà kúrò ní apá ibẹ̀ kí ó tó wú. Ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi báírò fa ìlà sí ibi tí wíwú náà dé, kí ẹ kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30-30. Dókítà yóò fi mọ bí oró náà ṣe ń yára tó. Ẹ fi igi méjì tó tọ́ há ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà láàárín, ẹ fi aṣọ dè é kí ó má lè mì, ṣùgbọ́n kí ìka kan lè wọ abẹ́ aṣọ náà. Kí ó má rìn. Ẹ gbé e. Bí ọ̀kadà nìkan ló wà, kí ó jókòó sáàárín ẹni tó ń wà á àti ẹnìkan tó máa dì í mú lẹ́yìn.

Ẹ má fi okùn so ó pinpin lókè ojú ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nílé nìyẹn, àánú sì ni àwọn tó ń ṣe é ń fi ṣe é, ṣùgbọ́n okùn yẹn ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró títí ẹran ara yóò fi kú, a sì lè gé ẹsẹ̀ tí oró nìkan kò bá tí gbà. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀: oró paramọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ojú gbẹ́rẹ́ náà lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdúró. Ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn, ẹ má fún un ní ọtí. Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀lù nìkan. Aspirin àti ibuprofen ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ṣíṣàn. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ń wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi í dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ máa ṣọ́ èémí rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọsibítù.

Ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Wesley Guild tó wà ní Iléṣà ló sún mọ́; láti Ìràgbìjí, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN ní Òṣogbo. Kí ẹ tó kúrò nílé lẹ ti máa wá nọ́ńbà wọn, kí ẹ bi wọ́n bóyá antivenom, abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn, EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, ń ṣiṣẹ́ fún paramọ́lẹ̀ àti fún ṣèbé tó ń tutọ́. Ẹ má ra tiyín gbé lọ sígbó, nítorí abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè bá ara ẹlòmíràn jà, tó sì jẹ́ pé ọsibítù ni ohun tí a fi ń dá ìyẹn dúró wà. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó sì gbẹ, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ má rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dì, wọ́n ti mọ̀ pé oró ti wọ ara. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú fún wákàtí 24.

Èèyàn tún wà nínú igbó. Bí a bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ la kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ Olúọ́dẹ. Ìkíni nìkan kọ́ là ń lọ kí. Olúọ́dẹ ló mọ ibi tí tàkúté wà, òun ló sì máa sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àlejò wà ní apá ibi báyìí, kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn síbẹ̀ lóru. Ọdẹ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì orí wá ẹran lè ka ẹni tó lóṣòó jẹ́ẹ́ sínú igbó sí ẹran. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yàgbẹ́ lóru yóò mú ẹnìkejì dání, tọ́ọ̀ṣì yóò tàn, ẹnu wọn kò sì ní dákẹ́. Bí Baálẹ̀ bá ní ibẹ̀ kò dára lásìkò yìí, a ó padà sílé. Mi ò kì í jiyàn lórí ìyẹn.

Oyin kò pọ̀ lọ́rọ̀: ẹ má fi lọ́fínńdà para, ẹ má dáná sábẹ́ igi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá tú síta, ẹ fi aṣọ bo ojú, ẹ sáré lọ́nà tààrà títí dé inú ilé tàbí ọkọ̀, ẹ má dúró láti máa pa wọ́n, ẹ má sì bẹ́ sódò, wọn yóò dúró dè yín. Ẹ yára fi èékánná họ àwọn oró tó gún yín kúrò.

Ọ̀bọ ni ti Igbó Ọ̀ṣun. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pàgọ́ síbẹ̀. Igbó mímọ́ ni, UNESCO sì ti fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ láti máa na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀bọ, wọ́n sì ń gbé àṣà náà lọ sí ibòmíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun rẹ̀. Ọ̀bọ tí a ti fún lóúnjẹ yóò gba ti ẹni tó tẹ̀ lé wa ní tipátipá. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i kí eyín hàn, ìjà ló máa rò pé ẹ ń pè. Bí ọ̀bọ tàbí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní ọjọ́ náà gan-an. Bí àrùn yẹn bá ti fara hàn, kò sí oògùn rẹ̀.

Omi mímu, ilé la ti ń gbé e, lítà 4 fún ẹnìkan lójúmọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a bu omi odò sè. Sísè fún ìṣẹ́jú kan pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù ní apá Ìjẹ̀ṣà ti da odò Ọ̀ṣun rú, májèlé irin tó bá wà nínú omi kì í sì í bá ooru lọ. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ má sì wẹ̀ nínú adágún tí ìgbín omi pọ̀ sí, àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀. Ní ti iná, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko, sítóòfù kékeré onígáàsì nìkan la ń lò. Nígbà òjò, omi la fi ń pa iná igi, a ó rò ó pọ̀, a ó tún da omi sí i, títí ẹ̀yìn ọwọ́ yóò fi lè kan eérú náà láìgbóná. Ìdọ̀tí oúnjẹ ń bá wa padà sí Òṣogbo nínú ike. A kì í rì í mọ́lẹ̀, torí òkété yóò hú u ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn tó bá sì tún wá sùn síbẹ̀ ló máa bá ohun tó tẹ̀ lé òkété náà pàdé.

Kí a tó kúrò, mo máa ń kọ ìwé kan sílẹ̀ fún ẹnìkan tó kù nílé. Orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀, nọ́ńbà àwọn òbí, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí ara ẹnìkọ̀ọ̀kan kò gbà, orúkọ abúlé, nọ́ńbà Baálẹ̀ àti ti Olúọ́dẹ, ọ̀nà tí a ó gbà lọ àti èyí tí a ó gbà bọ̀, àti aago tí a ó pè. Fóònù kì í mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní gbogbo orí òkè wọ̀nyí, nítorí náà a máa ń fi wákàtí mẹ́ta kún aago náà. Bí wákàtí mẹ́ta yẹn bá kọjá láìgbọ́ ohùn wa, Olúọ́dẹ ni ẹni náà yóò kọ́kọ́ pè, nítorí òun ló lè dé ọ̀dọ̀ wa kíákíá jù, lẹ́yìn náà ni yóò pe 112.